Ẹnu Tó Wọlé Kò Túmọ̀ sí Ìbátan

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àdápítọ̀ tó kún inú àpò ike kan nínú ilé ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀kan wá láti ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú. Òmíràn jẹ́ ti ráútà tí a kò lò mọ́. Òmíràn sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ ibi tó ti wá. Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ní wáyà gígùn kan àti ẹnu róbótó kan. Ní ọjọ́ tí àdápítọ̀ tí a ń lò bá kú, inú àpò yẹn ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ. A ó fa ọ̀kan yọ, a ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò ẹ̀rọ, bí ó bá sì wọlé, a ó dúpẹ́ pé wàhálà ti tán.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àdápítọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò bá wọlé kò lè pa ẹ̀rọ lára. Èyí tó wọlé wẹ́kú tí kì í ṣe ìbátan ẹ̀rọ náà ni ó ń jó o. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kò ju èyí lọ: kí a má ṣe fi ẹnu wáyà mọ àdápítọ̀, ìwé àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀ ni kí a fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lè ka ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìwé kékeré yẹn yóò gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó tí kò yẹ kó bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Àgó-Ìwòyè gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú tí yunifásítì bá wà, ìwé títẹ̀ a máa di òwò níbẹ̀, Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ sì ti wà níbẹ̀ láti 1982, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lónìí, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ ti ní ìsọ̀ tó ń bọ́ ilé. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó múlé tì í, níbi tí Pólì Abraham Adéṣànyà wà, bákan náà ni ọmọ ṣe orí. Àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn jọ ni ọjà irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tà jù. Bí àdápítọ̀ ojú kọ̀ǹpútà tàbí ti ráútà bá kú láàárín àkókò yẹn, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ti fẹ́ lọ nìyẹn. Bí ìkánjú bá sì mú kí onísọ̀ ki àdápítọ̀ mìíràn bọ̀ ọ́, tí ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi jó, ohun tí ì bá fi owó kékeré tún ṣe ti di ohun tí yóò fi owó ńlá rà.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ tún burú ju ti onísọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú háàdì-dírafù ńlá tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, irú èyí tó ní àdápítọ̀ tirẹ̀. 12V ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Àdápítọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká sì máa ń jẹ́ 19V, àwọn kan nínú wọn sì ní ẹnu tí kò yàtọ̀ rárá sí ti háàdì-dírafù yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èyí rọ́pò ìyẹn nínú òkùnkùn lè pàdánù ọdún mẹ́rin iṣẹ́, fọ́tò àwọn òbí àti orin tó ti kó jọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A lè ra háàdì-dírafù mìíràn. Ta ni yóò bá a ra ohun tó wà nínú rẹ̀?

Kí a tó ka ìwé àlẹ̀mọ́, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí àdápítọ̀ ń ṣe. Iná tó ń wá láti ara ògiri wa jẹ́ nǹkan bí 230V, ó sì jẹ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń yí padà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà AC ni wọ́n fi ń dá irú iná yìí mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń bá kọ̀ǹpútà rìn kò lè jẹ irú oúnjẹ yìí. Iná díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, bíi 5V, 9V, 12V tàbí 19V, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iná tó ń rìn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tí a ń fi lẹ́tà DC dá mọ̀. Àdápítọ̀ ni ó dúró láàárín bí ìyá tó ń jẹ ẹran líle fún ọmọ tí kò tíì hu eyín. Bí ìyá bá rò ó kúná jù tàbí tó fi í sílẹ̀ ní líle, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ tí a ó kà ni èyí tí wọ́n kọ INPUT sí. Èyí ń sọ irú iná ògiri tí àdápítọ̀ lè gbà. Bí ó bá kà pé 100–240V, ó lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrù tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà máa ń ní àdápítọ̀ tó kà pé 120V nìkan, nítorí pé ìwọ̀n iná tiwọn níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ sí ara ògiri ní Òkè-Ṣópẹ̀n tàbí ní Àgó-Ìwòyè yóò gbọ́ òórùn jíjó kó tó jókòó. Kí a má ṣe jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tí a fi kún ẹnu rẹ̀ tàn wá jẹ: ó ń mú kó wọ ihò ògiri wa ni, kò dín iná kù.

Ìlà kejì ni OUTPUT, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni fóòtì, tí a ń fi lẹ́tà V kọ. Ẹ fi ojú inú wo táǹkì omi tí a gbé ka orí òpó. Gíga òpó náà ni fóòtì: bí ó bá ti ga tó ni omi yóò ṣe fi agbára jáde tó. Ẹ̀rọ tó béèrè 12V fẹ́ òpó gíga 12, kò fẹ́ 19. Bí a bá gbé e ga jù, omi yóò ya ìkòkò. Bí a bá gbé e sílẹ̀ jù, omi kò ní débẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ yóò máa kú, yóò máa jí, tàbí kó má tilẹ̀ jí rárá. Nítorí náà, nọ́ńbà fóòtì àdápítọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà ní ìdí ẹ̀rọ dọ́gba.

Ohun kejì ni áńpù, tí a ń fi lẹ́tà A kọ. Áńpù dà bí ìwọ̀n omi tí táǹkì náà lè pèsè láìrẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rù láìnídìí. Bí ẹ̀rọ bá béèrè 1A, tí àdápítọ̀ sì lè pèsè 2A, kò sí ewu. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ náà fẹ́ ni yóò bù mu, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Òdì kejì rẹ̀ ni kò dára: bí ẹ̀rọ bá nílò 2A tí àdápítọ̀ kò sì ní ju 1A lọ, ara àdápítọ̀ yóò gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ, kò sì ní pẹ́ kú. Ẹ rántí pé 1000mA ni 1A, kí 600mA má baà jọ ohun ńlá lójú yín. Ní kúkúrú, fóòtì gbọ́dọ̀ dọ́gba, áńpù lè dọ́gba tàbí kó pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ kéré.

Ohun kẹta ni ibi tí àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò wà. Ẹnu róbótó wáyà àdápítọ̀ ní ojú méjì, inú àti ìta. Ìwé àlẹ̀mọ́ máa ń ní àwòrán kékeré kan, àmì kan tó dúdú láàárín ìlà tó ṣe bí òṣùpá tí kò kún, pẹ̀lú + ní apá kan àti − ní apá kejì. Bí ìlà láti àmì àárín bá lọ sí ibi +, inú ni àmì ìròpọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà rìn ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àpò wa ló jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Àwọn dùùrù Casio àtijọ́ kan tí a ń lò ní ilé ìjọsìn ń lo 9V tí àmì ìyọkúrò rẹ̀ wà nínú. Ráútà kan náà lè fẹ́ 9V, kí ẹnu wáyà méjèèjì sì jọra, kí áńpù sì tó. Bí a bá fi ti dùùrù sí ráútà, a ti wọ aṣọ fún un ní òdì. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ṣe é bá fi ààbò sínú rẹ̀ kàn máa kọ̀ láti tàn ni. Èyí tí kò bá ní ààbò yóò jó.

Ohun kẹrin ni irú iná tó ń jáde. Ọ̀pọ̀ àdápítọ̀ ń mú DC jáde, wọ́n sì máa ń fi ìlà gbọọrọ kan tí ìlà já-já-já wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe àmì rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣì wà tí àdápítọ̀ tiwọn ń mú AC jáde, tí àmì wọn sì jẹ́ ìlà tó ń wọ́ bí ejò. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni a tó lè máa sọ̀rọ̀ nípa ẹnu wáyà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mìlímítà 5.5 lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ lè jẹ́ 2.1 tàbí 2.5. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ti ẹ̀rọ bá jẹ́ 2.1 tí a ra 2.5 fún un, yóò wọlé, ṣùgbọ́n yóò máa mì. Ẹ̀rọ yóò máa tàn, yóò máa kú bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan tábìlì, olúwa rẹ̀ yóò sì gbé ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn lọ fún oníṣẹ́ láti tú. Bí ti ẹ̀rọ bá jẹ́ 2.5 tí a ra 2.1, kò tilẹ̀ ní wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn àpẹẹrẹ tó ń ṣe ènìyàn léṣe jù. Nínú àwọn ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó gba ìgboro kan, ọ̀pọ̀ Samsung ń lo 14V, ọ̀pọ̀ LG sì ń lo 19V. Ẹni tó bá fi ti LG sí Samsung ti gbé òpó omi ga jù. Ní ti ráútà, àwọn kan ń lo 9V, àwọn mìíràn 12V, ilé-iṣẹ́ kan náà sì lè ṣe méjèèjì, débi pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kò tó láti fi ra àdápítọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP Deskjet àtijọ́ kan wà tí àdápítọ̀ wọn ń mú 32V àti 16V jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹnu oníhò mẹ́ta. Kò sí àdápítọ̀ olóhùn kan tó lè gba ipò irú èyí.

Kí a tó náwó rárá, ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní àdápítọ̀ níta, wọ́n ti gbé e sínú ikùn wọn. Wáyà lásán tó ní ojú méjì, tí ẹnu rẹ̀ dà bíi nọ́ńbà 8, ni wọ́n ń lò láti ara ògiri. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò bá tàn, ẹ yá wáyà rédíò tàbí ti tẹlifíṣọ̀n tó ní irú ẹnu kan náà, kí ẹ fi dán an wò. Bí ó bá tàn, owó wáyà nìkan ni ẹ óò ná.

Bí ìwé ara àdápítọ̀ bá ti pa rẹ́ ńkọ́? Ìdí ẹ̀rọ gan-an ni kí ẹ yíjú sí. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ tan iná fóònù sí i, ẹ óò rí fóòtì àti áńpù tó ń béèrè, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà gan-an. Bí ìyẹn náà bá ti parẹ́, orúkọ àti nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà kò ní ṣàìsí níbì kan. A lè fi wọ́n wá ìwé ìlò rẹ̀ lójú òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ̀rọ tí a kò bá mọ ohun tó ń jẹ, kí a má fún un ní nǹkan kan jẹ. Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti 5V, kí a máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tàn.

Kí a sì rí i dájú pé àdápítọ̀ ni ó kú. Oníṣẹ́ rédíò tàbí ti fóònù tó bá ní míta lè wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà láàyè yóò fi nọ́ńbà tó sún mọ́ ti ìwé àlẹ̀mọ́ hàn. Ṣùgbọ́n àwọn àdápítọ̀ àtijọ́ tó wúwo bí òkúta, tó jẹ́ pé irin àti wáyà bàbà ló kún inú wọn, lè kà pé 12V lára ìwé kí míta sì sọ 16V nígbà tí kò sí ẹ̀rọ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n ti ṣe wọ́n nìyẹn: nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń bọ́ bá ń ṣiṣẹ́ ni fóòtì wọn ń sọ̀kalẹ̀. Irú wọn kò yẹ ẹ̀rọ òde òní tó ń fẹ́ iná tó dúró ṣinṣin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé èyí tó wúwo ni ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ ọjà wá kàn. Ẹni tó wà ní Àgó-Ìwòyè lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá olówò, bí kò bá sì rí i níbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní agbègbè Òtìgbà ní Ìkẹjà ṣì wà. Ẹni tó wà ní Abígí, Ìbíadé tàbí Ìwópin ní Ògùn Waterside kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè ju owó àdápítọ̀ lọ, ẹni tó bá sì ra èyí tí kò bára mu ti ra ìrìn-àjò kejì mọ́ ọn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó jáde nílé, kí ó ya fọ́tò ìdí ẹ̀rọ, ara àdápítọ̀ àtijọ́ àti ẹnu wáyà rẹ̀, kí ó sì kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, nítorí pé fóònù lè kú lọ́nà. Kí ó mú àdápítọ̀ tó kú dání. Bí ẹ̀rọ bá ṣe é gbé, kí ó gbé òun náà.

Lọ́dọ̀ olówò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá bi yín ni yóò fi hàn bí ó bá mọ iṣẹ́.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Àdápítọ̀ ojú kọ̀ǹpútà Samsung ni mo ń wá."

"Ẹ káàbọ̀. Fóòtì mélòó ló wà ní ìdí rẹ̀?"

"14V ni, 2.14A."

"Ah, 12V ló kù lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ mú un, yóò gbé e."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. 14V ni mo fẹ́. Bí ẹ bá lè bá mi wò ó lọ́dọ̀ ẹnì kejì yín, màá dúró."

Kò sí àrífín nínú ìyẹn. Olówò tó kọ́kọ́ béèrè fóòtì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà tó wà lọ́wọ́ a máa ti ẹnu ènìyàn. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dúró lórí nọ́ńbà yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó fi míta wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ lè dá a padà, kí ẹ sì gba ìwé owó.

Ẹ ka ìwé àlẹ̀mọ́ tuntun náà bí ìgbà tí ẹ ń ka ìwé ilé. Èyí tí wọ́n ṣi àkọtọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tàbí tó ṣèlérí 5A nínú ara tó kéré bí páálí ìṣáná, kí ẹ fura sí i. Àjọ SON, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, ló ń mójú tó ìwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àjọ kankan kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ìsọ̀. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ lò ó fún wákàtí kan níṣojú yín. Kí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú. Kí ó gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, kí ó máa kùn bí oyin, tàbí kí ó máa rùn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ilé lè ti ibẹ̀ jó.

Àwọn àdápítọ̀ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ti gbogbo ẹ̀rọ, tó ní orí oríṣiríṣi àti ibi tí a ti ń yí fóòtì. Wọ́n wúlò, àgàgà fún ẹni tó jìnnà sí ọjà. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yan fóòtì, kí a wo apá tí àmì ìròpọ̀ wà ní orí tí a fi sí i, kí a tó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, kí a fi téèpù lẹ ibi tí a ti ń yí i pa, nítorí ọmọ kékeré inú ilé. Irú ìṣọ́ra kan náà yẹ fún bátìrì kékeré tí a ń so ráútà mọ́ nígbà tí kò sí iná, tó ní ihò 5V, 9V àti 12V ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn mìíràn máa ń so ráútà 12V mọ́ bátìrì iná oòrùn tààrà. Bátìrì tí a ń pè ní 12V yẹn lè gòkè dé 14.4V nígbà tí oòrùn bá ń bọ́ ọ lọ́sàn-án. Kí a fi ẹ̀rọ tó ń mú fóòtì dúró sójú kan sáàárín wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣé USB-C kò ti fẹ́ fi òpin sí gbogbo wàhálà yìí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣájà àti ẹ̀rọ tó ń lo ìlànà yìí máa ń kí ara wọn kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan: 5V ni ṣájà kọ́kọ́ ń mú wá, ṣájà yóò sọ iye tó lè fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì sọ iye tó fẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí ìkíni yìí ni ṣájà ńlá kò fi ń jó ẹ̀rọ kékeré. Ní ọdún 2021, wọ́n gbé òpin agbára rẹ̀ láti 100W sí 240W. Àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di òfin láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé kí fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì, kíbọ́ọ̀dù, máùsì àti irú wọn tó ń lo bátìrì máa ní ihò USB-C. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2026 ni wọ́n dá fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì ni òfin náà kàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń jẹun tààrà lára ògiri, ojú kọ̀ǹpútà àti ráútà kò sí nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ tí a ń lò nísinsìnyí yóò sì wà pẹ̀lú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnu róbótó kò tíì fẹ́ kú.

Ó ku bí a ó ṣe mú kí èyí tó wà lọ́wọ́ pẹ́. Iná tó dé lójijì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò ló ń pa ọ̀pọ̀ àdápítọ̀ wa. Bí iná bá lọ, ẹ yọ wọ́n kúrò lára ògiri. Nígbà tó bá padà dé, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí ẹ tó dá wọn padà. Ẹ má fi aṣọ tàbí ìwé bò wọ́n, nítorí ooru ló ń mú kí inú wọn gbẹ. Ní etí ọ̀sà, níbi tí ọ̀rinrin kì í tán nínú afẹ́fẹ́, ẹ máa nu ẹnu wáyà pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ kí ìpẹtà má baà mú un. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, orí púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe wáyà, nítorí ọrùn wáyà ló kọ́kọ́ ń já.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àpò ike yẹn jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ mú téèpù funfun àti bírò, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ tó ni àdápítọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i lára, kí ẹ sì kọ fóòtì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Èyí tí ẹ kò bá mọ olówó rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àdápítọ̀ tó bá ti ní orúkọ kò ní ṣìnà wọ inú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ.